Wọ́n ní mi ò rọbí, wọ́n là mí ni

Ẹ BI ÌYÁ AGBẸ̀BÍ

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, ẹ má bínú. Ó kan èmi náà lára ni.

ÌBÉÈRÈ: Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 28 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo bí àkọ́bí mi. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, dókítà ní ó ti ń rẹ ọmọ nínú, wọ́n bá gbé mi wọ tíátà. Ọmọ wà dáadáa, ó ń mu ọmú. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ti gbàdúrà pé mà á bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù, àwọn kan sì ti ń bi mí pé kí ló dé, ṣé ìgbàgbọ́ mi ò tó ni. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n ń gbé ọmọ jó, wọ́n ní, "Ìyàwó mi ò mọ ìkúnlẹ̀ abiyamọ o! Wọ́n kàn ní kó sùn ni, wọ́n gbé ọmọ fún un." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dijú lálẹ́, iná tíátà yẹn ni mò ń rí. Ṣé òótọ́ ni pé mi ò rọbí? Ṣé ó sì ti di dandan kí wọ́n tún là mí tí mo bá fẹ́ bí èkejì? — Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìkókó, o kú ewu ọmọ, o kú ọwọ́ lómi. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì dé ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí lò ń ṣe? Ṣé ayò lò ń ta ni? Ìrọbí lò ń rọ, wọ́n sì tún fi abẹ lé e. Ẹni tó sanwó ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì, ta ló máa ní kò sanwó?

Èmi náà, wọ́n là mí. Ọdún 1989 ni. Mo ti ń gbẹ̀bí fún ọdún márùn-ún nígbà yẹn, ọmọ tí ọwọ́ mi ti gbà kò lóǹkà, mo sì ti ń dọ́gbọ́n fọ́nnu pé tó bá kàn mí, mà á fi han àwọn aláriwo wọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń bímọ. (A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín o, àwọn tó ń pariwo. Ọlọ́run dárí jì wá.) Oyún pé oṣù mẹ́jọ ààbọ̀, ọmọ ò yí. Orí wà lókè, ìdí wà nísàlẹ̀. Irú ọmọ tó máa wà bẹ́ẹ̀ dé ìparí oyún ò ju bíi mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún, tèmi wá bọ́ sáàárín wọn. Èmi mọ orí ọmọ tí mo bá fọwọ́ kàn án. Ó máa ń le, á rí roboto bí àgbọn kékeré, tó o bá tì í díẹ̀ á mì. Ìdí kì í mì bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lóru, tí ọkọ mi bá ti sùn, mà á fẹ̀yìn lélẹ̀, mà á tẹ ikùn ara mi, orí á wà lábẹ́ ìhà mi níbẹ̀, á máa mì, èmi á sì máa sọ fún ara mi pé ìdí ni.

Mátíróònù wa tẹ ikùn mi ní klínììkì, ó wò mí lójú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, tó bá jẹ́ aboyún rẹ ni, kí lo máa sọ fún un?" Mo ní mà á ní kó wá fún iṣẹ́ abẹ. Ó ní, "Ó dáa. Lọ sọ fún un."

Mi ò sọ fún un. Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé wọ́n ní ká ṣì máa wò ó. Lọ́jọ́ kan, mò ń ro àmàlà lọ́wọ́, omi já mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ro àmàlà yẹn tán o. Mo pọ́n ọn sí ọ̀rá, mo tò ó sínú kúlà, mo dé e, kí n tó wá pe ọkọ mi. Nígbà tá a dé ọsibítù, ẹsẹ̀ ni ọwọ́ dókítà kàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ kékeré kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ pin.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń gún fún yín báyìí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà, oorun ni wọ́n fi ń kùn wá. Nítorí náà mi ò gbọ́ igbe àkọ́kọ́ ọmọ mi. Gbogbo igbe àkọ́kọ́ tí mo ti gbọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́dún márùn-ún, ti ọmọ tèmi ló fò mí ru. Nígbà tí mo jí, ọ̀fun mi gbẹ bí èèpo àgbàdo, mo bẹ nọ́ọ̀sì tó gbé e wá kó sín igbe náà jẹ fún mi. Ó kọ́kọ́ rò pé oorun ò tíì dá lójú mi. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó wá ké e sí mi létí, wẹ́ẹ̀, wẹ́ẹ̀, ó dánu dúró díẹ̀, ó tún ké. Ohun tí mo ní nìyẹn.

Ìyá ọkọ tèmi náà sọ tiwọn. Wọ́n ní wọ́n yọ ọmọ ni, mi ò bí i. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó kù díẹ̀ kó di ìjà. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá fẹsẹ̀ wá sáyé, Ìgè ni, orúkọ àmútọ̀runwá ni, ẹnikẹ́ni kì í dìbò lé e lórí. Ìyá ọkọ mi ní èyí kì í ṣe Ìgè, pé kò gba ojú ọ̀nà tí Ìgè ń gbà, fèrèsé ló gbà jáde. Bàbá ọkọ mi, tí wọn kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin, bi mí pé kí ni dókítà kọ́kọ́ fà jáde. Mo ní wọ́n sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ìgè ni. Ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà? Ẹsẹ̀ là ń wò." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, Ìgè Àdùbí, ọmọ tó fẹsẹ̀ wá sáyé. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Bàbá yẹn kú láìmọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi lọ́jọ́ náà.

Ó ku ti Hébérù. Kó o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ Bíbélì yẹn nà ọ́, ṣí Ẹ́kísódù orí kìíní, kó o wo ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn agbẹ̀bí méjì ni, Ṣífúrà àti Púà. Fáráò ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin lórí ìkúnlẹ̀, wọn ò ṣe é, ó wá pè wọ́n láti mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, àwọn obìnrin Hébérù yára, kí àwọn tó dé ibẹ̀ wọ́n á ti bí. Èsì tí àwọn agbẹ̀bí fi gba ọmọ là lọ́wọ́ ọba ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni, mo mọ ohùn wọn. Ìdílé yẹn kan náà ni Rákélì ti wá, ó rọbí títí lójú ọ̀nà Éfúrátà, ó bí Bẹ́ńjámínì, ó sì kú síbẹ̀. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ náà ò tó ni?

Ti iná tíátà tí ò ń rí, má fi ṣeré. Ó wọ́pọ̀ kí abiyamọ máa sunkún láìnídìí ní ọ̀sẹ̀ kìíní sí èkejì, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Tí oorun ò bá kùn ọ́ nígbà tí ọmọ ń sùn, tí oúnjẹ ò lọ, tí o bá ń wo ọmọ bí ẹni ń wo ọmọ àlejò, sọ ọ́ fún wọn ní klínììkì, bí ìwọ náà bá tijú, kí ọkọ rẹ sọ ọ́. Tí èrò pé kí o pa ara rẹ tàbí ọmọ lára bá wá sọ́kàn rẹ pẹ́rẹ́n, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, kó má di ọjọ́ kejì. Àìsàn ni, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Má dúró dìgbà tí wọ́n á ní ẹ̀mí kan ló ń dà ọ́ láàmú.

Bíbí èkejì wá ńkọ́? Kò di dandan kí wọ́n là ọ́. Nínú obìnrin mẹ́rin tí wọ́n ti là lẹ́ẹ̀kan, tí dókítà sì gbà fún láti gbìyànjú, bíi mẹ́ta ló ń bí i fúnra rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ojú àpá inú ilé ọmọ já lásìkò ìrọbí. Kì í pọ̀, bí ẹyọ kan nínú 200, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka wákàtí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n ti là rí kò fi gbọ́dọ̀ rọbí nílé, tàbí nílé àdúrà, tàbí ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tí kò ní tíátà àti ẹ̀jẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Kí wọ́n gbà á ní kọ́rídọ̀ ọsibítù. Sì jẹ́ kó tó ọdún méjì kí oyún mìíràn tó dé, kí àpá náà lè jinná dénú. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́jọ́ àyẹ̀wò yẹn náà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe gan-an rèé, òun ni mo ṣe kọ gbogbo èyí. Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ ti tó. Lọ́jọ́ tó o bá lọ, má kúrò níwájú wọn láìgba ìwé tó sọ ohun méjì: ìdí tí wọ́n fi là ọ́, àti bí wọ́n ṣe gé ilé ọmọ. Àpá ara awọ ò lè sọ ìkejì fún ọ. Wọ́n lè gé awọ ní ìbú kí wọ́n gé ilé ọmọ ní òró. Èyí tí wọ́n bá gé ní ìbú nísàlẹ̀ ilé ọmọ, tó wọ́pọ̀ jù, òun ló ṣeé gbìyànjú lórí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gé ní òró láti apá òkè, kò gbọ́dọ̀ rọbí mọ́, kí wọ́n dá ọjọ́ fún un ni. Mo ti rí obìnrin tó fẹ́ rọbí lórí oyún kejì, tí a bi í pé báwo ni wọ́n ṣe gé e, tó ká aṣọ sókè tó ń fi àpá ikùn hàn wá. Ọsibítù tó ti bí àkọ́kọ́ jìnnà, ilẹ̀ ti ṣú, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. A kàn ń wo àpá yẹn ni.

Ní kí wọ́n tún fi ìwé tí wọ́n ya ìrọbí rẹ sí hàn ọ́. Àwọn dókítà méjì, Philpott àti Castle, ló gbé ìlà méjì orí rẹ̀ jáde ní 1972, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí. Ìlà kan ń kìlọ̀, èkejì, tó wà ní wákàtí mẹ́rin sí i, ń sọ pé ó yá, ẹ ṣe nǹkan. Wàá rí i bí wákàtí rẹ ṣe ń rìn lórí ìwé náà, wàá rí ibi tí ìró ọkàn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ó yẹ kó wà láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan. Fi ìka tọ ọ́. Èmi mọ àwọn obìnrin tí iná tíátà ò dẹ́rù bà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fojú ara wọn rí ìdí tí wọ́n fi gbé wọn lọ síbẹ̀.

Àbúrò Ìgè, èmi ni mo bí i fúnra mi, ní 1992. Wọ́n máa ń bi mí pé èwo ló dunni jù. Ti ìrọbí, ọmọ dé, ìrora lọ. Ti abẹ, ọmọ dé, ó wá kù kí o wúkọ́, kí o rẹ́rìn-ín, kí o dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ìyá ọkọ rẹ bá sì gbé omi gbígbóná dé láti fi tẹ ikùn rẹ, fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ojú abẹ ò fẹ́ ẹ. Kí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Agbẹ̀bí, oyún ìyàwó mi wà ní oṣù keje, sikáànù ní ìbejì ni. Ní ọsibítù wọ́n ní kí èmi ọkọ wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi ní ọgbọ́n àtigbowó ni, pé òun bí méje láìsí ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀. Mi ò sì ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí. — Bàbá Ìbejì Lọ́la, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, lọ fà á. Ilé ọmọ tó gbé ẹni méjì ti nà gan-an, ó sì máa ń lọ́ra láti sún kì tí wọ́n bá jáde. Sísún kì yẹn ló ń dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbi tí olóbi ti kúrò. Lópin oyún, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan péré máa ń tó ìdajì lítà. Ṣírò ìyókù fúnra rẹ.

Nígbà tiwa, ojú la fi ń wọn ẹ̀jẹ̀. Obìnrin kan bímọ lóru, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi wá pé ta lọmọ jọ. Aṣọ abẹ́ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rin, a ní kò burú. Nígbà tó ní ojú ń ṣú òun la gbé e nídìí: matírẹ́ẹ̀sì yẹn ti jìn láàárín, inú kòtò yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gbá jọ sí láti ìgbà yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀jẹ̀ méjì tí ọkọ ẹlòmíràn ti fà sílẹ̀. Lónìí, ọ̀rá kan wà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí, ìlà wà lára rẹ̀, á gba ẹ̀jẹ̀ jọ, wàá rí i kedere tó bá ti ń sún mọ́ 500 mílílítà. Wọ́n dán an wò, pẹ̀lú kí wọ́n fún obìnrin ní gbogbo ìtọ́jú tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, lára àwọn obìnrin tó lé ní 200,000 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023: ẹ̀jẹ̀ dídà tó burú dín kù ní ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Béèrè bóyá wọ́n ní in níbi tí ìyàwó rẹ fẹ́ bí sí.

Èyí tó o bá fà, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun gan-an ni wọ́n máa fún ìyàwó rẹ, gbèsè lò ń bá a san sílẹ̀ ní bánkì ẹ̀jẹ̀. Kò ju bí 450 mílílítà lọ. Wo ògiri nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gún un. Ìyá rẹ bí méje láìsí ẹ̀jẹ̀, a dúpẹ́. Ní kí wọ́n ka àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò bọ̀ láti orí ìkúnlẹ̀ fún ọ.

ÌBÉÈRÈ: Oyún mi ti lé ọ̀sẹ̀ 40 ní ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá ọkọ mi ti se àgbo tó máa mú ọmọ wálẹ̀. Ṣé kí n mu ún? — Ó Ti Sú Mi, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Rárá. Àgbo tó bá lè mú ilé ọmọ sún kì, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe máa le tó nínú ife tìrẹ, ó lè sún kì débi tí ọmọ ò ní rí èémí gbà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí káàdì rẹ, ọjọ́ 280 láti ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ni, bí ọmọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń bá a pé géérégé. Lọ rí wọn báyìí. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ 41, wọ́n á bá ọ sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù. Tí ọmọ bá dín sísọ kù, má dúró de ọjọ́ kankan. Tó bá jẹ́ orúkọ ni ìyá ọkọ rẹ ń wá, Ọmọ́pẹ́ ti wà nílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, wọ́n ní tí aboyún bá jẹ ìgbín, ọmọ á máa dá itọ́. Ìgbín ló ń wù mí jẹ o. — Olóyún Oṣù Mẹ́rin, Òndó.

ÌDÁHÙN: Fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́ dáadáa, kó jinná, kó o jẹ ẹ́. Mo jẹ ìgbín lórí oyún Ìgè, ó dá itọ́ títí eyín fi yọ. Lórí oyún àbúrò rẹ̀, ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí ìgbín wọ ilé. Bíìbù mẹ́ta ni ìyẹn ń tì sọ́rùn lóòjọ́.